Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ti parí, kí ló dé tí wọn ò tíì tan ẹ̀rọ?

Bí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ aládàáni bá kọ́ ibùdó omi ẹ̀rọ, ilé ìfọpo tàbí ibùdó iná mànàmáná tuntun, ìròyìn méjì la sábà máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ ti parí. Ìkejì, tó lè gba oṣù mélòó kan kó tó dé, ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Oníròyìn á ní wọ́n "ṣì ń dán ẹ̀rọ wò", ará ìlú á sì máa béèrè pé kí ni wọ́n tún ń dán wò lórí nǹkan tuntun tí wọ́n fi owó gọbọi rà. Bí wọ́n bá wá fi ọ̀rọ̀ "cybersecurity", ìyẹn ààbò kọ̀ǹpútà, kún un, ọ̀rọ̀ á tún lọ́jú pọ̀ sí i, torí ọmọ yahoo àti owó báǹkì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Kí ló pa ọmọ yahoo pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù omi?

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. Mo sì fẹ́ kó yé wa pé àkókò tó dà bí ìfàsẹ́yìn yẹn ni àkókò tó ṣe iyebíye jù láyé ẹ̀rọ náà. Bí ó bá ti kọjá, àwọn àyẹ̀wò kan wà tí kò ní ṣeé ṣe mọ́, àwọn àtúnṣe kan sì wà tí owó wọn á ga kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ san.

Irú kọ̀ǹpútà wo là ń sọ?

Kọ̀ǹpútà tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Àpótí kékeré ni, kò ní kíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ojú tí èèyàn ń wò. Wọ́n á dè é mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin, wáyà á wọ inú rẹ̀, wáyà á jáde. PLC ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohun tí àwọn ẹ̀rọ awọ̀n-nǹkan ń sọ fún un, pé omi ti kún dé ibí, pé ooru ti ga dé ibí, kó sì pàṣẹ: tan pọ́ǹpù, ti fáàfù, dín iná kù. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà nídìí iṣẹ́ kan náà fún ogún ọdún.

Lókè rẹ̀ ni SCADA wà. Ìyẹn ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó ìròyìn gbogbo PLC jọ sí ojú kan, kí òṣìṣẹ́ tó jókòó sí gbọ̀ngàn ìdarí lè rí pọ́ǹpù tó wà ní ìlú kejì, kó sì tàn án láìdìde. Ní àwọn ibi tí nǹkan ti lè gbiná, bíi ilé ìfọpo, ẹ̀rọ kẹta tún wà tó dá dúró láyè ara rẹ̀. Tirẹ̀ ni láti pa gbogbo iṣẹ́ náà bí ewu bá ti ń bọ̀, yálà àwọn yòókù gbà tàbí wọn ò gbà.

Bí olè bá wọ kọ̀ǹpútà báǹkì, owó ló ń lọ. Bí ó bá wọ àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, irin ló ń fọ́, omi ló ń ya, iná ló ń ṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fojú ara wọn rí i ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ní Idaho National Laboratory. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì kan tó wọ̀n tọ́ọ̀nù 27 kalẹ̀, wọ́n sì ń rán àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà pé kó máa já kúrò lára wáyà iná, kó sì tún máa padà sí i ní àkókò tí kò yẹ. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n rìrì, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ fò jáde, èéfín bo ibẹ̀, ó bàjẹ́ pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò fi òòlù kàn án. Àṣẹ lásán ni.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le. Ọ̀pọ̀ èdè tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó rò ó pé àjèjì lè dé ààrin wọn. Modbus, tó ṣì wọ́pọ̀ gan-an lónìí, ti wà láti ọdún 1979. Kì í béèrè pé "ta ni ẹ?" Ẹni tó bá ti lè bá a sọ̀rọ̀ ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Maroochy?

Ọ̀pọ̀ ìtàn ló wà tí mo lè fi ṣàlàyé, ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ti lé lógún ọdún, torí pé orí ẹ̀rọ tuntun ló ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà, Maroochy jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní etíkun ìlà oòrùn Ọsirélíà. Omi ẹ̀gbin tó ń ti ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìdáná àwọn ará ìlú wá kì í dá ṣàn dé ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ mọ́. Pọ́ǹpù ló ń tì í láti ibùdó kan sí òmíràn, ibùdó náà sì jẹ́ 142. Ìjọba ìbílẹ̀ náà gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan pé kó fi kọ̀ǹpútà sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa fi rédíò bá gbọ̀ngàn ìdarí sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Dípò kí òṣìṣẹ́ máa wa ọkọ̀ yí ká, á rí gbogbo rẹ̀ lójú kan.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ó lọ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò gbà á.

Bí ọdún 2000 ṣe wọlé, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Pọ́ǹpù tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ á dákẹ́. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó dé gbọ̀ngàn ìdarí kò ní dé. Nígbà mìíràn, gbọ̀ngàn ìdarí àti ibùdó kò ní gbúròó ara wọn rárá. Kí ni àwọn ẹnjiníà rò? Ohun tí èmi náà ì bá rò ni: ẹ̀rọ tuntun ni, ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Wọ́n pa sọ́fítíwíà rẹ́, wọ́n tún un gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yẹ àwọn ohun èlò wò. Wọn ò rí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibí lọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì tuntun ni gbogbo èèyàn ti ń retí pé kó máa ṣe wérewère. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kò nílò láti fara pamọ́ púpọ̀, torí pé ẹ̀bi gbogbo ohun tó bá ṣe, orí "ẹ̀rọ tuntun" ló máa bọ́ sí. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó dájú nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àìsàn tó ń ṣe é kì í ṣe ti ìbí.

Ẹnjiníà kan tó ń ṣèwádìí ló rí ojútùú rẹ̀. Ó kíyè sí i pé ibùdó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 14 ń rán ìsọkúsọ sórí rédíò. Wọ́n dé ibùdó náà, wọ́n yẹ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ni wọ́n bá dá ọgbọ́n kan: wọ́n yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí 3. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá ń sọ lórí rédíò pé òun ni 14, irọ́ ló ń pa, torí kò sí 14 mọ́. Síbẹ̀, "14" ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tó fi iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe sílẹ̀ yẹn ni. Ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti rédíò wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 2. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gbin tó tó lítà 800,000 ti ya wọ odò, ọgbà ìgbafẹ́ àti àyíká òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Ohun ẹlẹ́mìí inú odò kú, omi náà sì di dúdú.

Ọkùnrin yìí kò ṣe idán kankan. Ó mọ nọ́ńbà àwọn ibùdó, ohun èlò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibùdó kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní ibùdó mìíràn. Ẹni tó bá kọ́lé mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tí bíríkìlà àti káfíńtà fi ń wọlé nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, òun ò gbọdọ̀ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé nígbà tí òun bá kó dé; á pààrọ̀ rẹ̀. Ní Maroochy, onílé kó wọlé, kọ́kọ́rọ́ bíríkìlà ló ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn.

Àyẹ̀wò ọjọ́ kan ì bá ti tú u fó. Kí èèyàn gbé rédíò tí kò sí lórí ìwé, kó jókòó sínú ọkọ̀ níta ibùdó kan, kó rán àṣẹ sí i pé kó dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ò tíì parí.

Kí ló yàtọ̀ láàárín "ó ń ṣiṣẹ́" àti "ó láàbò"?

Ìbéèrè yìí ló ń da ọ̀pọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu owó lójú rú, títí kan àwọn ọ̀gá tó kàwé dáadáa. Wọ́n á ní, "Ṣebí a ti yẹ̀ ẹ́ wò? A tẹ bọ́tìnnì, pọ́ǹpù tàn."

Àyẹ̀wò pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó ń wádìí pé bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ bá pàṣẹ, ṣé ẹ̀rọ á gbọ́? Àyẹ̀wò ààbò ń wádìí òdì kejì rẹ̀: bí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ bá pàṣẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀rọ á kọ̀? Bí ó bá kọ̀, ṣé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan gbìyànjú? Bí wọ́n bá sì ya ìsọkúsọ lù ú, ṣé á ṣì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àbí á dákú? Ẹ̀rọ lè gba máàkì 100 nínú ti àkọ́kọ́ kó gba òdo nínú ti èkejì. Ti Maroochy ń tan pọ́ǹpù dáadáa. Ẹni tó ń pàṣẹ fún un ni kò mọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò lè ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ?

Torí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́. Nínú ọ́fíìsì, ẹni tó ń yẹ ààbò wò lè rán ìbéèrè kéékèèké sí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti mọ èyí tó máa dáhùn. Kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlànà àti òṣùwọ̀n, ti kọ díẹ̀ nínú irú rẹ̀ sílẹ̀. Níbì kan, irú ìbéèrè kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán, ni apá irin rọ́bọ́ọ̀tì kan, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, bá ṣàdédé yí ìdajì òbìrípo. Ẹni tó wà nínú yàrá náà wà níta ibi tó lè gbá a, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Níbòmíràn, àwọn tí iléeṣẹ́ gáàsì kan gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò fún mú kí SCADA rẹ̀ gan pa. Wákàtí 4 ni iléeṣẹ́ náà ò fi lè gbé gáàsì gba inú páìpù.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbà pé kí wọ́n ya ìsọkúsọ lu PLC tó ń gbé omi fún ìlú. Wọn ò sì jẹ̀bi. Ìgbà tí pọ́ǹpù ò tíì gbé omi ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè lù ú bí wọ́n ṣe fẹ́ láìsí ẹni tó máa fara pa.

Ìdí kejì ni owó. Kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apá kan nínú owó agbaṣẹ́ṣe ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbéṣẹ́ fún un. Bí àyẹ̀wò bá tú àléébù kan, agbaṣẹ́ṣe ló máa fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé tán, àtúnṣe kan náà di iṣẹ́ tuntun, pẹ̀lú owó tuntun, wọ́n sì lè ní láti pa ilé iṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó ṣeé ṣe.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní iléeṣẹ́ ẹni tó ṣe é?

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní FAT. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń gbé ṣe ní Nàìjíríà, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn ti ń wá, torí náà wọ́n á yan àwọn kan tí wọ́n á wọ bàlúù lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láìfi bọpo bọyọ̀: ẹni tó máa jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lóru ló yẹ kó wà nínú àwọn tó ń lọ. Ọ̀gá tí kò ní fọwọ́ kàn án láé lè dúró sílé.

Wọ́n á to àwọn kọ́bọ́ọ̀dù sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n á so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe máa wà níbi iṣẹ́, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà mìíràn ṣe àfarawé pọ́ǹpù àti fáàfù. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe lórí ààbò kò gba agbára: kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti irú sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n wá wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì bóyá iye tó ń dáhùn bá iye tó wà lórí ìwé mu. Bí ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí ìwé bá dáhùn, ẹ béèrè ọmọ ta ni.

Lẹ́yìn náà ni pásíwọ́ọ̀dù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní CyberAv3ngers wọ PLC tó wà ní ibùdó kan lára iléeṣẹ́ omi Aliquippa, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú sójú ẹ̀rọ náà, torí pé Unitronics, iléeṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, ló ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ pa á, wọ́n fọwọ́ darí ibùdó náà, omi ò sì dá. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ omi yòókù, ohun tí wọ́n sọ ni pé irú PLC yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, àti pé pásíwọ́ọ̀dù tó bá a jáde láti iléeṣẹ́ ni 1111. Olórí ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n yí 1111 padà, kí wọ́n sì yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlà méjì péré nìyẹn nínú ìwé àyẹ̀wò.

Wọ́n á tún pa gbogbo ọ̀nà àbáwọlé tí ẹ̀rọ kò nílò. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe PLC ń ṣe é fún onírúurú èèyàn, torí náà ó lè ní ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù nínú, ó lè ní ọ̀nà láti gba fáìlì, ó lè gbọ́ èdè mẹ́ta. Bí ọ̀kan lẹ ó lò, ẹ pa méjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àkúdàájí. Wọ́n á pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà SCADA rẹ́ ráúráú, bíi pé fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wá sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé kó gbé e dìde láti inú ẹ̀dà tó tọ́jú pamọ́. Ẹnì kan á di aago mú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ pé ẹ̀dà náà ò pé, tàbí pé láìsènsì sọ́fítíwíà náà so mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, tàbí pé ẹnì kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà ní ìsinmi. Ó sàn kí ojú ti agbaṣẹ́ṣe nínú gbọ̀ngàn yẹn ju kí ìlú wà láìsí omi lọ.

Ṣebí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló dé tí wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó gúnlẹ̀?

Àyẹ̀wò kejì, tí wọ́n ń pè ní SAT, orí ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ti máa ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó kúrò ní iléeṣẹ́ kọ́ ni ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà. Àwọn tó wá tò ó ti fọwọ́ kàn án. Firewall tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnubodè nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dí wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu "fún ìgbà díẹ̀". Wọ́n dá orúkọ kan sílẹ̀ tí gbogbo wọn ń lò, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ògbógi tó wà lókè òkun fẹ́ máa wo ẹ̀rọ láti ilé rẹ̀, wọ́n ki síìmù sínú módẹ́ẹ̀mù kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ń kó fíláàṣì wọlé láti ibi iṣẹ́ mìíràn. Kò sí èyí tó jẹ́ ìwà ìkà nínú gbogbo ìyẹn. Wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ tán, tí ẹnikẹ́ni ò pa àwọn ilẹ̀kùn náà dé, ṣíṣí ni wọ́n máa wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2017 ní iléeṣẹ́ kan tó ń fi epo rọ̀bì ṣe kẹ́míkà ní Saudi Arabia. Ẹ̀rọ kẹta tí mo sọ lókè, èyí tó ń pa iṣẹ́ bí ewu bá ń bọ̀, ni àwọn hákà, ìyẹn àwọn tó ń jí wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, dojú kọ. Triconex ni orúkọ ẹ̀rọ náà, kọ́kọ́rọ́ irin kan sì wà lójú rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Bí ó bá wà níbi tí wọ́n kọ RUN sí, iṣẹ́ lásán ló ń ṣe. Bí ó bá wà níbi PROGRAM, ó gbà kí wọ́n yí ohun tó wà ní inú rẹ̀ padà. Ibi PROGRAM ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Àwọn hákà gba ibẹ̀ kọ ohun tiwọn sínú rẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe nínú ohun tí wọ́n kọ ló mú kí ẹ̀rọ náà pa iléeṣẹ́ náà ní oṣù Kẹjọ, tí àṣírí fi tú. Bí wọn ò bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀rọ tó yẹ kó gba àwọn òṣìṣẹ́ là ì bá ti wà lábẹ́ àṣẹ àwọn tó fẹ́ pa wọ́n lára.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò kejì fi gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ nínú. Kí èèyàn rìn yí ká, kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kó wo kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, kó tọ wáyà tí kò sí lórí àwòrán dé ibi tó parí sí. Kí wọ́n pa orúkọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí rẹ́. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù lójú agbaṣẹ́ṣe, kí agbaṣẹ́ṣe má sì mọ èyí tuntun.

Ta ló yẹ kó ní kí wọ́n ṣe gbogbo èyí?

Ẹni tó ń rà á ni, inú ìwé àdéhùn sì ni, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Agbaṣẹ́ṣe ò ní fi owó ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tí ìwé àdéhùn ò bá béèrè. Ẹni tó bá gbàgbé, tó wá ń béèrè nígbà tí ẹ̀rọ ti gúnlẹ̀ sí èbúté, á gba ìwé owó tuntun.

Kò sì nílò láti máa dá ìlànà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlànà àgbáyé kan wà fún irú ẹ̀rọ yìí, IEC 62443 ni wọ́n ń pè é. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń rà ni pé ó pín ààbò sí ìpele 4. Ìpele 1 ń dènà ẹni tó ṣèèṣì ṣe nǹkan. Ìpele 2 ń dènà ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ wá ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n rẹ̀ kéré. Ìpele 3 wà fún ẹni tó mọ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ dunjú, irú ọkùnrin Maroochy yẹn. Ìpele 4 sì wà fún ẹni tó ní owó àti èèyàn lẹ́yìn, bíi orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń rà á lè sọ pé ìpele 1 tó fún ibi tí wọ́n ti ń tan iná ọgbà, àmọ́ ìpele 3 ni òun fẹ́ fún ibi tí wọ́n ti ń da kẹ́míkà sínú omi. Bí ó ti sọ ọ́ nínú ìwé, ó di ohun tó ṣeé yẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà wà láti ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ sì tún gbé àṣẹ jáde lọ́dún 2024 tó sọ àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ àti kọ̀ǹpútà tó ṣe kókó di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ń fìyà jẹ ẹni tó ti ba nǹkan jẹ́ tán ni. Ìwé àdéhùn tó sọ pé a ò ní san owó tó kù àfi tí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti gbọ́ràn sí àjèjì lẹ́nu, òun ló ń dènà ìbàjẹ́.

Kí ni àyẹ̀wò yìí ò lè ṣe?

Kò lè rí àléébù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Stuxnet, fáírọ́ọ̀sì tí àṣírí rẹ̀ tú lọ́dún 2010, tó ba àwọn ẹ̀rọ tí Ìráànì fi ń ṣe yuréníọ̀mù ní Natanz jẹ́, gba ihò mẹ́rin tí kò hàn sí ẹnikẹ́ni nínú Windows wọlé. Bí ó ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ló ń fi nọ́ńbà àtijọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí àwọn òṣìṣẹ́ rò pé nǹkan ń lọ dáadáa. Àyẹ̀wò ọjọ́ ìgbàwọlé ò lè mú irú ìyẹn.

Kò sì lè ṣe onídùúró fún ọjọ́ iwájú. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kan kún un lónìí, wọ́n yí fáàfù kan padà lọ́la, ìwé àyẹ̀wò ti di ìtàn nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ni kí wọ́n tún yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi wé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibi tí ó lè dé, tí ọ̀pọ̀ kì í sì gbé e dé, ni ti ọjọ́ tí gbogbo ààbò bá ti já. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ní orílẹ̀-èdè Ukraine, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ń wo àmì máòsì tó ń dá rìn lójú kọ̀ǹpútà, tó ń pa iná ibùdó kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n fọwọ́ kan máòsì, kò gbọ́ tiwọn. Ojú ọ̀nà ímeèlì ni àwọn hákà ti gbà wọlé ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n kọlù, àwọn oníbàárà tó tó 225,000 sì wà nínú òkùnkùn. Síbẹ̀, láàárín wákàtí mélòó kan iná ti padà, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ibùdó náà, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tan iná.

Wọ́n rí i ṣe torí pé ọ̀nà àfọwọ́ṣe ṣì wà lára ẹ̀rọ wọn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ń ta fún wa báyìí tí ọwọ́ àfọwọ́yí ò sí lára rẹ̀ mọ́, torí pé ó dín owó kù. Ẹ fi kún ìwé àyẹ̀wò: kí wọ́n pa gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní gbọ̀ngàn ìdarí, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà máa wà lọ́wọ́ wọn, láìsí agbaṣẹ́ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fọwọ́ gbé omi láti inú odò dé inú táǹkì ìlú. Bí wọn ò bá rí i ṣe, kí ọ̀gá má buwọ́ lùwé.